Bàtà Tó Bá Ẹnu Mu

Ẹsẹ̀ mi tóbi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé bàtà nìkan ló jẹ̀bi ohun tí mo fẹ́ ròyìn yìí. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti jogún wọn: wọ́n gùn, wọ́n fẹ̀ níwájú, ọmọ ìka tó kéré jù lọ sì yà sọ́tọ̀ bí ẹni tó ń bá àwọn yòókù jà. Nọ́mbà márùndínláàádọ́ta ni mò ń wọ̀. Nígbà tí mo wà nílé ìwé ní Ìbàdàn, àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé bàtà mi ló máa ń kọ́kọ́ wọ kíláàsì, èmi alára á wá dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀fẹ̀ yẹn ti mọ́ mi lára, kì í bí mi nínú mọ́.

Iṣẹ́ ló gbé mi dé Lomé. Mo ń bá ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù àwọn oníṣòwò jáde ní èbúté ṣiṣẹ́. Ọ́fíìsì wa wà ní Nyékonakpoè, ibẹ̀ ni mo ti ń ka ìwé ẹrù tí wọ́n fi èdè Faransé kọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Sanguéra ni mo háyà yàrá sí, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ká. Totsi ló wà lójú ọ̀nà, níbẹ̀ ni mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ ra nǹkan ọbẹ̀, níbẹ̀ náà ni mo ti pàdé ọmọbìnrin kan tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú Faransé kí wọ́n tó sá a. Ó kí mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, "Bọ́njúù, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," mo ti kó sí i nìyẹn.

Ará Ọ̀fà ni wọ́n, ṣùgbọ́n bàbá bàbá rẹ̀ ló ti wá ṣòwò ní Lomé, ilẹ̀ Tógò ni wọ́n sì bí gbogbo wọn sí. Mùsùlùmí ni wọ́n, oníwà pẹ̀lẹ́, ilé wọn ní Totsi sì mọ́ tónítóní. Bàtà tókunbọ̀ ni bàbá rẹ̀ ń tà ní ọjà ńlá, ó ti lé ní ogójì ọdún nídìí rẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni pé kì í bi oníbàárà léèrè nọ́mbà. Bí ẹ bá sọ nọ́mbà fún un pàápàá, á ní, "Nọ́mbà wo? Ṣé fóònù ni mò ń tà ni?" Á wo ẹsẹ̀ yín fìrí, á na ọwọ́ sínú òkìtì bàtà, á fa ọ̀kan yọ, bẹ́ẹ̀ ló máa rí gẹ́lẹ́. Wọ́n ní àwọn ará ọjà a máa mú àlejò wá síbẹ̀ kí wọ́n lè wá wò ó.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni ọmọbìnrin yìí mú mi lọ kí wọn nílé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá rẹ̀. Ẹlòmíràn á wo ojú ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀. Bàbá yìí na ọrùn kọjá orí mi, ẹsẹ̀ mi tó wà lọ́hùn-ún ló ń wò.

"Dìde, ọmọ mi," ló wí. "Mo ti mọ ẹsẹ̀ rẹ."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo padà dé, ó ti fi nǹkan dè mí. Bàtà aláwọ dúdú ni, olókùn, imú rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí eyín ara mi nínú rẹ̀. Mo yí i, mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nọ́mbà méjìlélógójì ni. Mo wo ojú bàbá, ojú bàbá ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ọmọbìnrin mi, ó ń wo òrùlé.

"Ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́," ni bàbá wí.

Mo tì í. Ìdajì ẹsẹ̀ mi wọlé, ìdajì kejì ò gbà. Mo tẹ ẹ̀yìn bàtà náà mọ́lẹ̀, mo fi gìgísẹ̀ lé e lórí, mo sì fa ṣòkòtò mi wálẹ̀ láti fi bò ó.

"Ó bá ọ mu àbí kò bá ọ mu?"

Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí: kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Àna ẹni kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni. Ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà pé a kì í yínmú sí ẹ̀bùn, áńbọ̀sì ẹ̀bùn ẹni tí a fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá," ni mo wí, "àfi bí ẹni pé ara ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n."

"Rìn kí n wò ọ́."

Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo rìn padà. Bàbá pàtẹ́wọ́. Ó ní ìrìn ọba nìyẹn. Ó wá fi kún un pé bàtà yìí ni kí n máa wọ̀ wá sọ́dọ̀ òun, nítorí pé òun ò ní bá ẹni tó wọ sílípáàsì jókòó sọ̀rọ̀ ìyàwó. Ìyá ilé, ìyàwó rẹ̀, wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó ní èéfín ni, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò dáná.

Bí ìyà mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé orí ìka ẹsẹ̀ mi ni àáké náà máa bà. Gbogbo ọgbọ́n tí ọmọ aráyé mọ̀ ni mo dá sí bàtà yẹn. Mo fi òrí pa á fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo rọ omi sínú ọ̀rá, mo kì í bọ inú rẹ̀, mo gbé e sínú fírísà ẹni tí a jọ ń gbé ilé, torí wọ́n ní omi tó bá di yìnyín á fẹ̀ ẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bàtà náà ń rùn bí ẹja tútù láti ọjọ́ yẹn lọ. Mo gbé e lọ bá atúnbàtàṣe kan létí ọjà Totsi. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo bàtà, ó tún wo ẹsẹ̀ mi.

"Fò," ló wí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, "ẹ lọ gé ẹsẹ̀. Bàtà yìí ò ní ṣe ju báyìí lọ."

Nígbà tó yá, mo rí ọ̀nà kan. Ọ̀kadà, èyí tí wọ́n ń pè ní sémì, ni mo máa ń gùn láti Sanguéra, sílípáàsì lẹ́sẹ̀, bàtà nínú báàgì. Ní kọ̀rọ̀ tó ṣáájú ilé wọn, obìnrin kan wà tó ń din bótókóìn, tí í ṣe ọmọ ìyá pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tiwa. Ibẹ̀ ni mo máa ń sọ̀ sí. Màá jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, màá fún ara mi mọ́ bàtà, màá fi sílípáàsì mi sábẹ́ tábìlì rẹ̀, màá sì tiro lọ sílé àna. Bí mo bá ń padà bọ̀, á ti gbé bẹ́ǹṣì sílẹ̀ dè mí. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún mi ní Míínà, èdè àwọn ará Lomé, pé kí n kúkú gbé ọmọbìnrin náà sá lọ, kí ẹsẹ̀ mi lè sinmi.

Ohun tó wá burú jù ni ìdọ̀bálẹ̀. Ilé mùsùlùmí ni, a máa ń bọ́ bàtà kí a tó wọ pálọ̀, ara á sì tù mí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìta, lábẹ́ igi máńgòrò, ni bàbá máa ń jókòó sí láti gba ìkíni, àwa sì mọ̀ pé ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀, orí ìka ẹsẹ̀ ló máa fi tira kó tó lè dìde. Bí mo bá ti dọ̀bálẹ̀ báyìí, àyà mi á máa já láti dìde. Màá wà nílẹ̀ níbẹ̀, màá máa béèrè àlàáfíà ilé, àlàáfíà ọjà, àlàáfíà ará Ọ̀fà tí n kò mọ̀ rí. Bàbá á yí ojú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ ò rí ọmọ tó mọ ìwà! Ẹ wo bó ṣe pẹ́ nílẹ̀. Àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí ò ní ṣe bẹ́ẹ̀."

Èmi náà á tún wà nílẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn lákòókò yẹn. Ẹni tó ti ta bàtà fún ogójì ọdún, báwo ni kò ṣe rí i pé mo tẹ ẹ̀yìn bàtà mọ́lẹ̀? Afọ́jú pàápàá ì bá gbọ́ ìró rẹ̀. Mo fi í sínú, mo ní bóyá ó ń dán mi wò ni.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, mo ti dágbére tán, èmi nìkan ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí mò ń bá bàtà mi jìjàkadì. Ojú mi wá ṣèèṣì bọ́ sí bàtà àwọn ará ilé tó tò síbẹ̀. Wọ́n fi ìwé ìròyìn dí imú bàtà ìyá ilé fọ́fọ́. Mo mú ti ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin mi, ọkùnrin tísà kan tí í ṣe gìrìpá: wọ́n ti fi abẹ là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ lè rí àyè mí, wọ́n sì fi póólíìṣì dúdú kun ibi tí wọ́n là kó má baà hàn. Ti ọmọbìnrin mi fúnra rẹ̀, fóòmù ni ó gé lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ìpele mẹ́ta. Mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé oníbàtà yìí, kò sí bàtà kan ṣoṣo tó bá ẹni tó ni ín mu.

Bàtà ìyá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ọmọbìnrin mi jáde.

"Gbé e sílẹ̀," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ó fà mí lọ sẹ́yìn táńkì omi.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé yín?"

"Bàbá ò ríran dáadáa mọ́. Ó ti ń lọ sí ọdún méjì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àwa náà ò sì sọ fún un pé a mọ̀. Iṣẹ́ ojú ni iṣẹ́ Bàbá, tó bá mọ̀ pé òun ń ṣì í, á kú sí wa lọ́rùn. Ohunkóhun tó bá gbé fún wa, ó bá wa mu. Ṣé o gbọ́?"

"Ó bá ẹnu yín mu," ni mo wí, "kò bá ẹsẹ̀ yín mu."

"Tẹnu náà la ní. Fẹ̀ẹ́ àtẹ̀ńsọ̀n, ṣọ́ra, mo bẹ̀ ẹ́. Tó o bá sọ ọ́, gbàgbé pé wọ́n á fún ẹ ní ìyàwó nílé yìí, èmi gan-an ò ní fẹ́ ẹ."

Ó wá tú gbogbo àṣírí sí mi létí. Ìyá rẹ̀ ti gbé àga kan lọ sí ìkóríta kan nínú ọjà, kò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí ìsọ̀ bàbá. Ó ní gèlè lòun ń tà. Gèlè mẹ́ta péré ló wà lórí tábìlì, àpò bàtà ńlá méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí oníbàárà bá kúrò lọ́dọ̀ bàbá, tó ń rìn bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún, ìyá á ké sí i, "Vá, ọmọ mi, wá. Kí ni wọ́n gbé fún ọ?" Á pààrọ̀ rẹ̀ fún un, á bẹ̀ ẹ́ kó má padà lọ sọ. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á kó àwọn bàtà tí kò bá èèyàn mu yẹn, á dà á padà sínú òkìtì bàbá láìjẹ́ kó mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, bàbá á tún tà á. Bàtà obìnrin pupa kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti tà lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.

Mo rẹ́rìn-ín títí tí mo fi di ẹnu mọ́ ara táńkì. Ọmọbìnrin mi náà rẹ́rìn-ín, ó wá bú sẹ́kún lójijì, mo sì gbá a mọ́ra. Mo búra fún un pé mi ò ní sọ.

Ìbúra yẹn lo oṣù mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí ó bàjẹ́, oòrùn mú débi pé yanrìn àdúgbò ń jó èèyàn lẹ́sẹ̀. Bàbá ti pe ìdílé jọ, ó ti bi mí lórí iṣẹ́ mi, ó ti bi mí lórí àdúrà mi, ó kù kó sọ ọjọ́ tí àwọn èèyàn mi máa wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Dípò kó sọ ọ́, ó dìde, ó ní òun fẹ́ sìn mí dé gúdúrọ̀n, ìyẹn títì ọlọ́dà, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ọkùnrin máa ń bá ọkùnrin sọ lójú ọ̀nà. Ta ló jẹ́ kọ̀ fún àgbà pé kó má sin òun? Ẹsẹ̀ mi ti wú nínú ooru náà. Mo fi tipátipá tì wọ́n sínú bàtà, omi sì bọ́ lójú mi. Ìyá ilé, tísà àti ọmọbìnrin mi tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí bí àwọn tó wá sin òkú.

Kò sí àgbà tó ń rìn pẹ̀lẹ́ tó bàbá yẹn. Gbogbo ẹnu ọ̀nà la ti ń dúró kí èèyàn. Ó ń ka ìtàn ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ mú un wọ ọjà fún mi, kò sì fo ọjọ́ kan nínú rẹ̀. Mo ń dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," mo ń fi eyín gé ètè. A ti rìn dé ìdajì ọ̀nà kó tó dé orí ohun tó fẹ́ sọ.

"Mo ti pinnu," ló wí. "Lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn rẹ bá dé, bàtà ni mo máa fi ṣe wọ́n lálejò. Gbogbo wọn pátá. Ìyá rẹ ló sì máa kọ́kọ́ gbà. Ní kó ya fọ́tò ẹsẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ. Màá wò ó fìrí báyìí, ó ti tán."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá ìyá mi jà. Lọ́dún tó ṣáájú, ọgbẹ́ kékeré kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀ gba oṣù mẹ́rin kó tó jinná, dókítà sì ti kìlọ̀ fún wa pé òmíràn lè gba ẹsẹ̀ náà lọ. Mo sì mọ ìyá mi. Bí àna bá gbé bàtà tí kò gbà á fún un, á wọ̀ ọ́, á jó nínú rẹ̀, á wọ̀ ọ́ padà dé Ìbàdàn, á sì máa sọ fún gbogbo ará ọkọ̀ pé ó bá òun mu. Ọ̀dọ̀ ta lẹ rò pé mo ti kọ́ ọ?

Mo dúró. Búlọ́ọ̀kù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo jókòó lé e. Mo mọ̀ dájúdájú pé ọmọbìnrin mi ni mo fẹ́ tọwọ́ ara mi sọ nù yìí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Bàtà yìí ò bá mi mu. Kò bá mi mu láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e fún mi."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, Bàbá."

Ó ká agbádá rẹ̀ sókè, ó lóṣòó síwájú mi, àgbàlagbà tó tó bí mi. Mo fẹ́ dìde, ó fi ọwọ́ tẹ̀ mí padà. Ó bọ́ bàtà náà kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ó fi ìka tọ ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti wó, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ di ẹsẹ̀ mi mú láti gìgísẹ̀ dé orí ìka. Kò wò ó rárá. Ojú rẹ̀ wà lókè, ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

"Márùndínláàádọ́ta," ló wí. Mi ò tíì gbọ́ nọ́mbà lẹ́nu rẹ̀ rí. "Méjìlélógójì ni mo fún ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Àwọn ará ilé mi ńkọ́?"

Mo wo ilẹ̀.

"Mò ń bi ọ́ léèrè."

"Ẹ bi wọ́n, Bàbá."

"Mo ti gbọ́," ló wí. Ó dìde, ó yí padà sí ọ̀nà ilé. Mo sáré na apá sí i kó dì í mú, ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Mo dúró lójú ọ̀nà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́, títí tó fi yà wọ kọ̀rọ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù mi dún. Ọmọbìnrin mi ni. Ó ní bàbá ti da gbogbo bàtà ilé sáàárín pálọ̀, ó sì ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, "Gbé ẹsẹ̀ wá," ó ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Nígbà tó kan ìyá, tí ìwé ìròyìn bọ́ sílẹ̀ láti inú bàtà, bàbá ní, "Ìwọ náà?" Bàbá ní wọ́n máa ń wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá, ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ pé nínú ilé òun ni irọ́ náà máa ń sùn sí. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé inú ẹ ti dùn báyìí?" ni ọmọbìnrin mi wí. "Ó burú, ó burú gan-an ni ohun tó o ṣe yìí. Mi ò fẹ́ rí ẹ." Ó pa fóònù.

Inú mi bàjẹ́. N kò lè jẹun. Ẹ̀rù sì ń bà mí, torí mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà, mo sì ti ba ayé bàbá rẹ̀ jẹ́ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òótọ́ ni mò ń sọ, kí n sọ ọ́ tán: ẹsẹ̀ mi ò dùn mí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mo sì sùn dáadáa.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni bàbá kò fi lọ sọ́jà. Ní ọjọ́ kẹwàá, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí.

"Lọ́la, wá mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Wọ ohun tó bá ọ mu."

Sílípáàsì ni mo wọ̀ lọ. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, a sì wọ takisí. Nílé ìwòsàn, wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò fún wákàtí méjì. Dókítà bá a sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀, ó kọ ìwé kan, ó tẹ̀ ẹ́ lé wa lọ́wọ́, ó pe ẹlòmíràn. A jáde jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà. Bàbá gbọ́ Faransé ọjà dáadáa, àmọ́ Lárúbáwá nìkan ló lè kà.

"Mo lè gbé e délé kí tísà kà á fún mi," ló wí. "Ohun tí mo bá fẹ́ gbọ́ ló máa kà. Ìwọ ló ń ka ìwé ẹrù. Ka ohun tó wà níbẹ̀."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan fún ara mi.

"Ojú òsì ti lọ, Bàbá. Wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i mọ́. Wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ sí tọ̀tún, ó lè tún ríran, ṣùgbọ́n wọn ò ṣèlérí."

"Ṣé bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn, àbí o bù ú kù?"

"Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn, Bàbá."

Ó mi orí. Ó fi ọwọ́ bo ojú òsì náà, ó wo ọgbà yíká, ó tún fi bo tọ̀tún, kò wo ibì kankan. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo ní láti wo ibòmíràn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí láàárín wa, pé bí mo bá sìn ín délé, ó di gbére.

Ó wá sọ̀rọ̀ lójijì.

"Ọmọ mi máa ń gbé oúnjẹ wá fún ọ ní ọ́fíìsì, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọbẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó dùn?"

Mo wo ẹnu géètì. Mo wo ìwé ọwọ́ mi. N kò tíì rí ìbéèrè tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ayé mi.

"Rárá, Bàbá," ni mo wí. "Iyọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ jù."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tí fìlà rẹ̀ fi bọ́, tí nọ́ọ̀sì kan fi yọ orí láti fèrèsé. Ó fi ọwọ́ gbá itan mi.

"Láti ọmọ ọdún méjìlá ló ti ń sè é fún mi," ló wí, "ojoojúmọ́ ni mo sì ń sọ pé ó dùn." Ó nu ojú méjèèjì. "Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ojú ọ̀tún sì ń gbìyànjú. Ìyá ti gbé àga rẹ̀ kúrò ní ìkóríta, ìdí ìsọ̀ ló ń jókòó sí báyìí, ó sì ti jáwọ́ nínú gèlè. Ọwọ́ ni bàbá fi ń wọn ẹsẹ̀ oníbàárà, inú wọn sì dùn sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ti ta bàtà pupa yẹn fún obìnrin tí ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu.

Ọdún mẹ́ta rèé tí a ti ṣègbéyàwó. Ìyàwó mi gbà pé ìwé dókítà tí mo kà láìbù ú kù ló jẹ́ kí bàbá òun fi òun fún mi. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wá kí wa, ó máa ń sọ fún wọn pé ọkọ òun kì í purọ́, ohun tó bá wà níbẹ̀ gan-an ló máa ń sọ. Èmi á mi orí, màá bu omi mu, màá sì máa jẹ ọbẹ̀ mi lọ.